Táífọ́ọ̀dù tó wọ ọ̀sẹ̀ kẹta: ìdáhùn sí lẹ́tà yín

Lẹ́yìn àpilẹ̀kọ wa lórí ibà táífọ́ọ̀dù, lẹ́tà wọlé láti Kàbà, Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Ìbéèrè nípa bí àìsàn náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀. Èyí tó pọ̀ ni ti aláìsàn tí gbogbo ilé rò pé ó ti ń gbádùn, tó wá yíwọ́ lójijì. Ibẹ̀ la dúró sí jù. A pa àwọn lẹ́tà tó jọra pọ̀, a sì yọ orúkọ kúrò.

Ọ̀kun o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni ibà mú fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní kẹ́mísì, ara rẹ̀ sì tutù, a dúpẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, tí ikùn rẹ̀ le bíi pákó. Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti sọ fún wa pé ìfun rẹ̀ ti lu. Báwo ni ibà ṣe ń lu ìfun? Kí ló sì dé tí wọn kò gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ títí ilẹ̀ fi mọ́? (Àgbẹ̀, Ìyàrà)

Ọ̀kun o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kòkòrò tó ń fa táífọ́ọ̀dù, Salmonella Typhi, ẹnu ló ń gbà wọlé, nínú omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ ẹni tó ní in ti kàn. Kì í jókòó sínú ìfun. Ó máa ń la ara ìfun kékeré kọjá bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, á sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti mùdùnmúdùn egungun, á máa bí sí i níbẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta kí ibà tó hàn. Lẹ́yìn náà ló máa ń bá omi òróòro padà sínú ìfun, ìgbà yìí sì ni ìjàǹbá ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ìparí ìfun kékeré, nítòsí ibi tó ti so mọ́ ìfun ńlá, àwọn kókó kan wà lára ògiri ìfun tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbógun ti kòkòrò. Àwọn ni táífọ́ọ̀dù ń bà jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, wọ́n á wú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹran ara wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹran tó kú náà á ṣí kúrò, egbò á sì kù síbẹ̀. Bí egbò bá jẹ dé iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa dà sínú ìfun. Bó bá jẹ ògiri ìfun já, ìfun lu nìyẹn. Oúnjẹ, omi òróòro àti ìgbẹ́ á máa tú sínú ikùn níbi tí wọn kò gbọ́dọ̀ dé. Ihò kan ló sábà máa ń jẹ́, láàrin 60 sẹ̀ǹtímítà tó gbẹ̀yìn ìfun kékeré, ṣùgbọ́n dókítà lè la ikùn kó bá méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó ti ń lọ sílé ìwé àti ọ̀dọ́ ló ń ṣe jù. Ọjọ́ kẹrìndínlógún tí ẹ kọ sínú lẹ́tà yín bá ìtàn àìsàn náà mu gan-an.

Ara tó tutù yẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ ilé jẹ. Nígbà tí ìfun bá lu, ẹ̀jẹ̀ lè fà sẹ́yìn lára, ooru ibà á sì lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé àìsàn ti lọ. Ẹni tó ń gbádùn ní tòótọ́, ara rẹ̀ á tutù, á béèrè oúnjẹ, á fẹ́ jókòó, ikùn rẹ̀ á sì rọ̀. Ẹni tí ìfun rẹ̀ ti lu, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á tutù, òógùn á bò ó, ọkàn rẹ̀ á máa lù kíkankíkan, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, kò sì ní fẹ́ mira, nítorí bó bá wúkọ́ tàbí tí ọkọ̀ bá gbọ̀n, ìrora náà á le sí i. Ikùn á wú, èébì á bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ìgbẹ́ lè má jáde mọ́.

A ní ọ̀rọ̀ kan nípa abẹ́rẹ́ kẹ́mísì yẹn. A kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àpòpọ̀ tí wọ́n ń gún fún ibà ní ìgboro ni wọ́n ń fi dexamethasone tàbí hydrocortisone sí, torí pé ó ń jẹ́ kí ara tutù kíákíá, kí oníbàárà sì yìn wọ́n. Oògùn yìí lè bo ibà mọ́lẹ̀, ó lè dín ìrora kù, ó sì lè jẹ́ kí ikùn tó yẹ kó le máa rọ̀ síbẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ìfun lè ti lu fún ọjọ́ méjì kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ìwà tó burú ni, a ò ní fi epo pa á.

Ní ti ìdúró òru yẹn, ẹ má bínú sí àwọn dókítà. Ọmọ tí ibà ti jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò jẹun, tó ń bì, tí omi ara rẹ̀ sì ń ṣàn sínú ikùn, omi ti gbẹ lára rẹ̀. Bí wọ́n bá fi oògùn oorun sí i bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè dáwọ́ dúró lórí tábìlì. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní wákàtí wọ̀nyẹn ni pé wọ́n ń fa omi sí i lára, wọ́n ń ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú rẹ̀ dé inú ikùn láti fa ohun tó kún síbẹ̀ jáde, wọ́n ń ti òmíràn sí ojú ìtọ̀ kí wọ́n lè wọn ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n ń gún oògùn apakòkòrò (ceftriaxone pẹ̀lú metronidazole ni ó wọ́pọ̀), wọ́n sì ń wá ẹ̀jẹ̀. Bí ìtọ̀ bá ti ń jáde dáadáa, nǹkan bíi mílílítà kan fún kílò kan ìwọ̀n ara ọmọ láàrin wákàtí kan, wọ́n mọ̀ pé ara ti gba omi tó. Wákàtí díẹ̀ nìyẹn ń gbà. Ìdúró tí kò dára ni èyí tí àwọn ará ilé fi ń wá owó, wá àwọn àgbà ìdílé, wá àdúrà, tí kò sí dírípù lára ọmọ.

Nígbà iṣẹ́ abẹ, wọ́n á gé etí ihò náà tó ti jẹrà kúrò, wọ́n á rán an, wọ́n á sì fi omi púpọ̀ ṣan inú ikùn. Bí ihò bá pọ̀, wọ́n lè gé ibi tó bàjẹ́ nínú ìfun kí wọ́n so orí méjèèjì pọ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á fa ẹnu ìfun jáde sára ikùn fún ìgbà díẹ̀ kí ìgbẹ́ máa gba ibẹ̀ jáde. Ẹ má ṣe kọ ìyẹn. Òun ló ń gba ẹ̀mí là nígbà tí ìfun kò bá ní agbára láti jinná. Ẹ máa retí kí ojú abẹ náà sọ ọyún, torí ó wọ́pọ̀ púpọ̀. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ pariwo sí nọ́ọ̀sì létí ni omi àwọ̀ ewé tàbí ìgbẹ́ tó bá ń jáde lójú abẹ ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún sí ìkeje, tàbí ikùn tó tún wú, tí ibà tún dé. Ìyẹn lè túmọ̀ sí pé ibi tí wọ́n rán ti ṣí tàbí pé ibòmíràn ti lu, wọ́n sì lè tún ikùn là. Kódà pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ, ìròyìn àwọn ilé ìwòsàn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fi hàn pé àwọn tó ń kú ju 10 lọ nínú 100, pípẹ́ kí wọ́n tó dé sì wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù.

Bí a bá fura sí irú èyí lálẹ́, kí la máa ṣe kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, Ìsánlú)

Ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tì. Kò gbọ́dọ̀ jẹ, kò gbọ́dọ̀ mu: kò sí ẹ̀kọ, kò sí àgbo, kò sí oògùn oníhóró. Ẹ lè fi òwú tútù pa ètè rẹ̀. Ẹ má ṣe fún un ní oògùn ìyàgbẹ́ torí pé kò yàgbẹ́ láti àná, ẹ má sì fi omi tàbí oògùn kankan gba ìdí rẹ̀ wọlé. Ìfun tó ti fẹ́lẹ́ ni ẹ ń tì lọ síbi tí á ti bẹ́. Ẹ má fi omi gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀, ẹ má sì fi òróró wọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù kí ẹ tó gbé aláìsàn. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn tí ẹ fẹ́ lọ. Ṣé dókítà tó lè la ikùn wà lórí iṣẹ́ lálẹ́ òní? Ṣé ẹni tó ń fi oògùn oorun sí ènìyàn wà? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà? Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ń ṣòfò nínú ìrìn láti jẹ́nẹ́rà kan sí òmíràn. Fún yín ní Yàgbà, ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ ló sún mọ́ jù lára àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá wà ní Kàbà, Búnú tàbí Ìjùmú lè ní láti dorí kọ Lọ́kọ́ja, a sì mọ bí ọkọ̀ akẹ́rù sìmẹ́ńtì ṣe ń dí ọ̀nà Ọbájànà. Nítorí náà, bí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí kò bá lè ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ ṣì yà síbẹ̀ kí wọ́n so dírípù mọ́ ọn, kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ apakòkòrò àkọ́kọ́, kí wọ́n sì kọ ìwé sí ibi tí ẹ ń lọ.

Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, kó ká orúnkún sókè. Ìyẹn máa ń dín ìrora kù. Ọ̀kadà kò bójú mu rárá. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn tó ti lò dání, títí kan èyí tó ti tán, kí ẹ sì mú àgbàlagbà méjì tàbí mẹ́ta tí ara wọn le lọ fún ẹ̀jẹ̀.

Ìgbẹ́ ọkọ mi dúdú kirikiri láti ìjẹta. Ó ti ń lo oògùn táífọ́ọ̀dù fún ọjọ́ mẹ́jọ. Àwọn kan ní ìdọ̀tí àìsàn ló ń jáde. (Olùkọ́, Mọ̀pà)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún wọn. Kí ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀, ìyẹn èyí tó ní irin nínú, nítorí òun náà ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Ti oògùn ẹ̀jẹ̀ kì í sábà lẹ̀, òórùn rẹ̀ kò sì yàtọ̀ púpọ̀. Ìgbẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ máa ń dán, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ihò ìyàgbẹ́, òórùn rẹ̀ sì máa ń le kọjá ti ìgbẹ́ lásán. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yára dà, ó lè jáde ní pupa.

Bí òòyì bá ń kọ́ ọ nígbà tó bá dìde, bí ìsàlẹ̀ ojú àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun, tàbí bí ọkàn rẹ̀ bá ń sáré, ẹ gbé e lọ lónìí, kó má dúró di ọ̀la. Ẹ dá ibuprofen, diclofenac àti aspirin dúró pátápátá. Páràsítámọ́ọ̀lù ni kó lò fún ibà. Ẹ̀jẹ̀ dídà yìí ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí 10 nínú 100 àwọn tí táífọ́ọ̀dù gbé dé ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá fa omi àti ẹ̀jẹ̀ sí i tó. Ilé ìwòsàn ni ẹ ti lè mọ èyí tí kò ní dúró.

Àbúrò mi ń sọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, ó lajú sílẹ̀ kò mọ̀ wá, ó ń fọwọ́ já aṣọ ìbora rẹ̀. Wọ́n ní ká gbé e lọ sí ilé àdúrà torí pé ọwọ́ ayé ni. (Àyètòrò-Gbẹ̀dẹ̀)

Kò sí ẹni tó ní kí ẹ má gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ gbà á ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ilé ìwòsàn. Ohun tí ẹ kọ yìí gan-an ni àwọn dókítà ti mọ̀ mọ́ táífọ́ọ̀dù tó le láti ìgbà pípẹ́: aláìsàn á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, á máa ṣa ohun tí kò sí lórí aṣọ, á lajú láìrí ènìyàn. Àmì pé àìsàn ti kan ọpọlọ ni. Ẹ má ṣe dè é mọ́lẹ̀, ẹ má sì bu nǹkan sí i lẹ́nu, nítorí ó lè gba ọ̀nà èémí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gbọ́dọ̀ wo ibà ẹ̀fọn tó wọ ọpọlọ, kí wọ́n wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, torí ṣúgà tó lọ sílẹ̀ lè ṣe irú èyí, wọ́n sì lè fa omi ẹ̀yìn láti mọ̀ bóyá àrùn awọ ọpọlọ ni. Bó bá jẹ́ táífọ́ọ̀dù tó le bẹ́ẹ̀ ni, dókítà lè lo dexamethasone tó pọ̀ fún ọjọ́ méjì péré, pẹ̀lú apakòkòrò inú iṣan. Bẹ́ẹ̀ ni, oògùn kan náà tí a bẹnu àtẹ́ lù lókè. Ní ọwọ́ dókítà tó ń ṣọ́ ikùn aláìsàn láti wákàtí dé wákàtí, nǹkan mìíràn ni.

Gbogbo oṣù ni àyẹ̀wò ń sọ pé mo ní táífọ́ọ̀dù. Mo ti lo ciprofloxacin títí. Ṣé kò lè lu ìfun mi báyìí? (Aránṣọ, Kàbà)

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ kò ní táífọ́ọ̀dù rárá. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún yín, Widal, kì í wá kòkòrò náà. Ohun tí ara fi bá a jà ló ń wá, ìyẹn sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn tí àìsàn ti lọ. Ibà ẹ̀fọn àti àwọn kòkòrò mìíràn náà lè mú kí nọ́ńbà inú èsì rẹ̀ ga. Ní àdúgbò tí táífọ́ọ̀dù ti wọ́pọ̀ bíi tiwa, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ṣàìsàn ni nọ́ńbà Widal wọn ń jẹ́ 1:80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Widal ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti pe ènìyàn ní oní-táífọ́ọ̀dù, kò sì yẹ kí wọ́n tún un ṣe láti mọ̀ bóyá ẹ ti gbádùn. Tiwa ni pé ìwé Widal ti di ọjà ní ìgboro.

Àyẹ̀wò tó ṣeé gbára lé ni gbígbin ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ sínú ohun tí kòkòrò lè hù nínú rẹ̀, wọ́n á sì wò ó bóyá á hù. Wọ́n á fa nǹkan bíi mílílítà 10 lára àgbàlagbà, 2 sí 5 lára ọmọdé, kó tó lo apakòkòrò kankan. Èsì lè gbà tó ọjọ́ márùn-ún sí méje. Òun náà ń gbójú fo ọ̀pọ̀, nítorí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ kì í pọ̀. Ó ń rí nǹkan bí 40 sí 60 nínú 100. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń wo bí ibà ṣe rí: táífọ́ọ̀dù ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kì í lọ kó padà, orí fífọ́ àti àìlèjẹun á bá a rìn, ìgbẹ́ lè máa ṣàn tàbí kó má jáde. Ara ríro lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kan kì í ṣe táífọ́ọ̀dù.

Wàhálà tó wà nínú ciprofloxacin gbogbo oṣù ni pé kòkòrò ń mọ̀ ọ́n lára. Chloramphenicol, ampicillin àti Septrin kò ràn án mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, ciprofloxacin náà sì ti ń rẹ̀. Nígbà tí táífọ́ọ̀dù gidi bá dé, azithromycin fún ọjọ́ méje tàbí ceftriaxone inú iṣan fún ọjọ́ 10 sí 14 ni dókítà sábà ń yàn. Ẹ fi sọ́kàn pé bí oògùn bá tiẹ̀ bá a mu, ibà lè gba ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó pààrọ̀ oògùn ní ọjọ́ kejì torí pé ara ṣì gbóná kò fún èyíkéyìí láyè láti ṣiṣẹ́. Táífọ́ọ̀dù máa ń padà lára 5 sí 10 nínú 100, lọ́pọ̀ ìgbà ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ibà lọ.

Irun orí mi ń re lẹ́yìn táífọ́ọ̀dù. (Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Kàbà)

Á tún hù. Ibà tó pẹ́ ló ń ṣe é, ó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn àìsàn. Ẹ jẹun dáadáa, ẹ má sì dirun tó le.

Ọmọ mi jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde. Lẹ́yìn ibà, itan rẹ̀ wú, kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ṣé ìrora tó máa ń ní náà ni? (Ẹ̀gbẹ̀)

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi oògùn ìrora nìkan dúró. Ìdílé kòkòrò Salmonella fẹ́ràn egungun ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dí iṣan ń pa apá kan egungun, kòkòrò á sì wọ ibẹ̀. Bí ibi kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tí ìrora rẹ̀ kò rọlẹ̀ láàrin ọjọ́ díẹ̀, tí ibà sì wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gbin ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Fọ́tò egungun lè máà fi nǹkan kan hàn láàrin ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá àkọ́kọ́, kí wọ́n má sì tìtorí ìyẹn ní kò sí nǹkan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni apakòkòrò fi ń ṣiṣẹ́ nínú egungun, wọ́n sì lè ní láti la ibẹ̀ fún ọyún.

Kúnú ni mo ń tà. Mo ṣe táífọ́ọ̀dù, mo sì gbádùn. Oníbàárà mi kan ní kí n má tà mọ́ torí kòkòrò ṣì wà lára mi. (Ọdò-Èrè)

Oníbàárà yín kò purọ́ tán, kò sì jàre tán. Nínú 100 ènìyàn tó ṣe táífọ́ọ̀dù, 1 sí 5 ló ń gbé kòkòrò náà kiri ju ọdún kan lọ nínú àpò òróòro, tí wọ́n á máa yà á pẹ̀lú ìgbẹ́ láìní ibà kankan. Obìnrin, àgbàlagbà àti ẹni tó ní òkúta nínú àpò òróòro ló ń bá jù. Ẹ kò lè fi ojú mọ̀ bóyá ẹ wà lára wọn, Widal kò sì lè sọ ọ́. Ìgbẹ́ ni wọ́n ń gbìn, ẹ̀ẹ̀mẹta, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́yìn tí oògùn ti kúrò lára. Kí èsì tó dé, ẹ dá kúnú dúró, ẹ ta ohun tí ọwọ́ yín kò ní kàn.

Kúnú fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, ẹ̀yin tí ẹ kò tiẹ̀ ní kòkòrò pàápàá. Apá kan ìyẹ̀fun náà ni ẹ ń fi omi gbígbóná ṣe. Apá kejì tútù ni ẹ ń pò mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ni omi títutù àti yìnyín ń wọlé. Omi tí ẹ fi pò ó, omi tí ẹ fi là á àti yìnyín náà gbọ́dọ̀ jẹ́ omi tó ti hó. Kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kó tutù nínú ohun tó ní ìdérí, kí ẹ sì máa bù ú pẹ̀lú ife ọlọ́wọ́ kí ọwọ́ yín má baà wọ inú omi. Zobo náà bẹ́ẹ̀. Bí kànga yín kò bá jìnnà sí ṣáláńgá tó mítà 30, tàbí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé bó ṣe mọ́ lójú, pàápàá nígbà òjò àkọ́kọ́ tó ń wọ́ ẹ̀gbin lọ síbi tí omi wà.

Bí èsì bá sọ pé kòkòrò wà, ciprofloxacin 750 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 28 ló wọ́pọ̀, bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kòkòrò tiyín kò tíì gbójú sí i. Bí òkúta bá wà nínú àpò òróòro, oògùn lásán kì í sábà ká a, wọ́n lè ní láti yọ àpò náà. Lẹ́yìn ìtọ́jú, wọ́n á tún gbin ìgbẹ́ yín, ìgbà tó bá mọ́ ni ẹ lè padà sídìí kúnú.